Adákú Lójú Ogun

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Ọ̀wàrà, 2025

Ó tún dákú.

Mo ti ibi iṣẹ́ dé, òórùn ṣúgà jíjó ṣì wà nínú irun mi — ilé iṣẹ́ bisikíìtì yẹn, kò sí ọṣẹ tó ń bọ́ òórùn rẹ̀ — mi ò tíì jẹun, mo tan kọ̀ǹpútà. Géèmù wọlé. Ogun bẹ̀rẹ̀. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri, ọ̀tá méjì ń bọ̀, mo ti rí bàtà wọn. Bí mo ṣe ní kí n yìnbọn báyìí, ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Fáànù ń han gooro bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Bí mo bá ń wo fíìmù, kò ní dákú. Bí mo bá ń ta ayò lórí ẹ̀, kò ní dákú. Géèmù ńlá nìkan, èyí tó fẹ́ kó ṣiṣẹ́ gidi, ni kì í fẹ́ ṣe. Ọ̀lẹ paraku. Mo ti sọ gíráfíìsì káàdì náà lórúkọ: Adákú. Òun ló ń ya gbogbo àwòrán tó ń sáré lójú kọ̀ǹpútà. Bó bá ti lọ, mo fọ́jú nìyẹn.

Sátidé ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n ni Precious fẹ́ dán mi wò. Ó ku ẹnì kan kí ẹgbẹ́ rẹ̀ pé — ẹgbẹ́ tó ń gba owó oṣù nítorí pé wọ́n ń gbá géèmù, kì í ṣe àwàdà — èmi àti ọmọkùnrin kan ní Abúlé Ẹ̀gbá la jọ ń du àyè náà. Olúkúlùkù yóò gbá tirẹ̀ láti ilé. Precious ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: bí kọ̀ǹpútà mi bá kú láàárín ogun, kò ní tún ogun bẹ̀rẹ̀ nítorí mi. Ẹni tó bá ti pòórá ti pòórá.

Mi ò fẹ́ darúgbó sídìí bisikíìtì. Ọlọ́run, gbọ́ o.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Mo ń bú Adákú lọ́wọ́ ni Màámi bèèrè láti ẹnu ọ̀nà bóyá eré yẹn náà ló ń gbé mi lọ́kàn sókè báyìí. Sùtánà funfun wà léjìká rẹ̀. Òun ló ń ránṣọ fún ìdajì ìjọ wa, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kì í sinmi. Mo ní ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, mo ti sọ fún yín tipẹ́, kì í ṣe eré, iṣẹ́ ni mo fi ń wá. Ó ní iṣẹ́ wà ní ilé bisikíìtì, pé ibi tí òun ti rí mi yìí, ògiri ni mò ń pariwo mọ́. Mo pariwo mọ́ òun náà. Ojú tì mí lẹ́yìn tó lọ, àmọ́ inú ṣì ń bí mi.

Ọjọ́rú, 8

Mo yọ sọ́fítíwià tó ń darí Adákú kúrò pátápátá, mo gbé tuntun sí i. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ó jẹ gbogbo dátà mi tán. Ó dákú kí n tó mí kanlẹ̀. Ṣíọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo gbé odidi kọ̀ǹpútà sínú àpò ìrẹsì, ó di ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà. Àwọn ọmọkùnrin tó ń fa aṣọ èèyàn níbẹ̀ — Àǹtí, fóònù ni? Láàpútọ́ọ̀pù ni? Ẹ wá, ẹ wá — ọ̀kan dì mí lápá mú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rin fún òógùn. Mo já ara mi gbà. Ó rí mi lára títí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù Kàsúmù.

Kàsúmù ló ta Adákú fún mi, tòkunbọ̀. Láti àná ni mo ti ń to ohun tí mo máa sọ, mo sì sọ gbogbo ẹ̀. Mo ní olè ni. Mo ní ó mọ̀ pé wọ́n ti lo káàdì yẹn tọ̀sán-tòru níbi tó ti wá, títí ẹ̀mí ẹ̀ fi pin, kó tó nù ún, kó dì í sínú ọ̀rá, kó tà á fún mi. Àwọn tó ń ta ṣájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ti dìde ń wòran. Ẹnìkan ní kí n ṣe sùúrù. Mi ò ṣe.

Kàsúmù ṣí ìhà kọ̀ǹpútà sílẹ̀ gbayawu, ó gbé e sórí tábìlì, ó yí fáànù onídùúró tó ń fẹ́ ṣọ́ọ̀bù sọ́dọ̀ wa nítorí ooru, ó ní kí n gbá a. Mo gbá a. Mo gbá a títí ọrùn fi ń ro mí. Ogun gbóná, ìbọn ń ró lákọlákọ, Adákú ò tiẹ̀ sín. Mo wá ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé jọ̀ọ́, dákú, má dójú tì mí lójú àwọn èèyàn wọ̀nyí. Ó kọ̀.

Kàsúmù ní káàdì òun ò ṣe nǹkan kan. Ó ní kí n lọ wo iná ilé wa.

Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo gbé àpò ìrẹsì mi, mo bá tèmi lọ.

Àbámẹ́ta, 11

Mo dé ilé, mo dé ìhà rẹ̀ padà, mo tan géèmù. Ó dákú.

A jẹ́ pé iná ni. Ta ló ń jẹ iná wa bí kò ṣe Fàúsát, yàrá tó tẹ̀ lé tiwa? Fírísà ńlá tó fi ń tọ́jú ẹja títà ni. Nígbàkígbà tí fírísà yẹn bá gbéra, gílóòbù wa á ṣẹ́jú. Mo lọ bá a, mo ní kó bá mi pa á títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní ẹja òun ńkọ́? Mo ní ọjọ́ iwájú tèmi ńkọ́? A sọ̀rọ̀ díẹ̀ tí kò dára. Ní ìkẹyìn ó pa á, kì í ṣe nítorí mi, nítorí Màámi tó jáde wá bẹ̀ ẹ́.

Adákú dákú nínú iná tó mọ́ rekete.

Ọjọ́ Ajé, 13

Mo gbàgbé láti sọ fún Fàúsát pé kó tan fírísà padà. Òun náà gbàgbé. Ẹja ti rùn. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń rùn. Mo tijú láti gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá, mo dẹ̀ ń bínú pé mò ń tijú. Bí mo bá ṣí fèrèsé, ẹja. Bí mo bá tì í, ooru àti irun mi tó ń rùn ṣúgà. Ìríra ni gbogbo ayé yìí.

Ọjọ́bọ̀, 16

Mo tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Kàsúmù pé kó yá mi àpótí tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà, kí n fi dán tèmi wò. Mo rò pé á bú mi. Ó kàn ní kí n wá gbà á. Mo lọ gbà á, mi ò wojú ẹ̀, mo pààrọ̀ rẹ̀ nílé.

Ó dákú.

Precious pè. Ọmọ Abúlé Ẹ̀gbá yẹn ń gbá géèmù pẹ̀lú wọn lójoojúmọ́, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò kọsẹ̀ rí. Precious ní òun fẹ́ràn ọwọ́ mi jù, àmọ́ ọwọ́ nìkan ò tó. Mo ní gbogbo nǹkan ti ń lọ dáadáa níbí. Irọ́ ńlá.

Àìkú, 19

Ṣọ́ọ̀ṣì. Sùtánà, ẹsẹ̀ lásán, ilẹ̀ gbóná. Ìyá Ìjọ bèèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mi ò tíì la ẹnu tí Màámi fi dáhùn pé ilé bisikíìtì ni mo wà. Mo fajú ro títí ìsìn fi parí.

Nígbà tá à ń bọ̀ nílé, ó ní kí n má da ara mi láàmú jù lórí kọ̀ǹpútà yẹn, òun náà ń ṣe tòun sí i. Mo ní ẹ ṣé, Màámi. Àdúrà ló ń sọ, mo mọ̀. Ó ń tiro díẹ̀. Orúnkún ti tún ń dà á láàmú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Ooru ni. Ooru. Ooru.

Mo gbé sọ́fítíwià kékeré kan sí i, èyí tó ń fi bí káàdì ṣe gbóná tó hàn. Mo ń wo nọ́ńbà náà bí ogun ṣe ń lọ. Ó ń gòkè, ó ń gòkè, kò dúró. Nígbà tó débi tí ẹran lè jinná lórí ẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Kì í ṣe pé ó ń dákú lásán. Ó ń pa ara rẹ̀ kí ó má baà jó.

Ni mo bá rántí ṣọ́ọ̀bù Kàsúmù. Ìhà kọ̀ǹpútà wà ní ṣíṣí, fáànù onídùúró ńlá ń fẹ́ sí i. Abájọ tí kò fi dákú lọ́hùn-ún. Èmi wá lọ pariwo olè lórí ọmọ ọlọ́mọ.

Mo ṣí ìhà rẹ̀, mo gbé fáànù Màámi tì í. Ó pẹ́ díẹ̀ sí i. Ó ṣì dákú. Nǹkan kan wà nínú Adákú fúnra rẹ̀ tó dí ọ̀nà atẹ́gùn. Lọ́la, mo máa tú u.

Ọjọ́rú, 22

Mo ti tú u.

Mo yọ síkúrù, mo ṣí ìbòrí fáànù. Èémọ̀ rèé. Mo ti rí ìdọ̀tí rí. Mo ti ha abẹ́ ẹ̀rọ bisikíìtì tí ṣúgà ti dì bí òkúta, tí ìdin ń jẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí — eruku ti pò mọ́ nǹkan olómi kan, ó ti di ọ̀rá dúdú, ó lẹ̀ pìpì mọ́ àárín àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yẹ kí atẹ́gùn gbà kọjá. Irun wà nínú ẹ̀. Aáyán kan rì sínú ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ nà sókè. Mo fi ìka kàn án, ó fà yọ̀ọ̀ bí ilá. Mo sáré jáde lọ tutọ́.

Fáànù fúnra rẹ̀ ń yí tìkọ̀tìkọ̀, ọ̀rá ti dì í mú. Abájọ tó fi ń han.

Epo ni. Ẹnìkan da epo sínú kọ̀ǹpútà mi. Ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Kàsúmù, ṣé ẹ rí i bí mo ṣe burú tó. Lẹ́yìn náà mo fi ìka sí imú.

Kì í ṣe epo ẹ̀rọ. Kì í ṣe òróró tí à ń fi dín ẹja. Lọ́fínńdà wà nínú ẹ̀. Òróró ìyàsímímọ́ ni, ti ṣọ́ọ̀ṣì wa gan-an, mo mọ òórùn yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi í pa mí níwájú orí ní kékeré.

Èmi àti Màámi nìkan là ń gbé níbí. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Mi ò lọ jí i. Bí mo bá jí i báyìí, mo máa sọ ohun tí ọmọ kì í sọ sí ìyá. Mo jókòó, mò ń kọ èyí. Ìwé ń yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 23

Ó wá láàárọ̀ kùtù, lẹ́yìn àdúrà ìdájí rẹ̀. Mo díbọ́n pé mò ń sùn. Ó rọra ṣílẹ̀kùn, ìgò kékeré wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó lọ tààrà síbi tí kọ̀ǹpútà máa ń wà. Àpótí rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ṣófo, mo ti yọ Adákú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di orúnkún mú, ẹnu rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ — orúkọ mi, orúkọ mi ṣáá — ó sì fẹ́ ro òróró sí ojú ihò òkè rẹ̀.

Mo dìde jókòó. Mo ní, "Màámi, kí lẹ̀ ń ṣe?"

Kò ta gìrì. Ó wò mí bí ẹni tí mo bá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní, "Kò sí ẹ̀rọ tó ń han tí kì í ṣe epo ló ń bèèrè. Tèmi náà, bí mi ò bá fi epo sí i láàárọ̀, ṣé á ránṣọ? Mo wá ní kí n má fi epo lásán sí tìẹ."

Mo bi í pé láti ìgbà wo.

Ó ní, "Láti ìgbà tó o ti sọ fún mi pé iṣẹ́ ni."

Mo rí ìgò náà. Àmì wà lára ẹ̀, ọwọ́ Wòólíì: fún orúnkún, ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀kan lálẹ́. Òróró orúnkún rẹ̀ ni. Ó ń tiro kiri ìjọ, ó ń da òróró orúnkún rẹ̀ sínú káàdì mi.

Inú ń bí mi. Mo fẹ́ sunkún. Ó dẹ̀ ṣì ń rí mi lára, aáyán yẹn ò kúrò lójú mi. Mo ní ẹ ṣeun, Màámi, ó ti tó báyìí, ó ti mu yó. Ó ní ìyẹn dára. Ó lọ dáná.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un?

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Mo gbé Adákú lọ sọ́dọ̀ Kàsúmù. Mo bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn tó ń ta ṣájà, ibi tí mo ti bú u gan-an. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n má fi sòkòtò mi nu ilẹ̀ fún òun. Ó ṣí káàdì, ó fi imú fà á, ó wò mí.

Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ dín dòdò ni?"

Àwọn oníṣájà bú sẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n bínú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú mi. Mi ò sọ ẹni tó da òróró sí i. Mo ní ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

Ó fi spírítì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́. Omi tó ń jáde lára ẹ̀ dúdú bí ọ̀dà. Ó pààrọ̀ fáànù kan tí kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ó ní kí n gbé e lọ, àmọ́ òun ò lè búra fún un.

Mo gbá a nílé títí ilẹ̀ fi ṣú. Nọ́ńbà gòkè, ó dúró. Ó dúró síbì kan bí ọmọ tó gbọ́rọ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi mọ́rí. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò tì í rí.

Àbámẹ́ta, 25

Kò dákú.

Mo kọ́kọ́ kú lẹ́ẹ̀mejì nínú géèmù bí òpè. Lẹ́yìn ìyẹn ara mi balẹ̀. Nínú ogun tó kẹ́yìn, àwa méjì la ṣẹ́kù sórí pápá. Èmi àti ọmọ Abúlé Ẹ̀gbá. Ó fara pamọ́ sórí òrùlé, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìbọn tèmi ló kọ́kọ́ ró. Mi ò ní kọ ìyókù, mo mọ̀ ọ́n.

Precious ní, "Oyinadé, o ti wọlé." Bẹ́ẹ̀ péré. Mo gbé orí lé tábìlì. Nígbà tí mo gbé e sókè, Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ṣé wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ náà. Mo ní wọ́n ti gbà mí. Ó kọrin títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Fàúsát wá bá a jó. Fàúsát, tí mo ba ẹja rẹ̀ jẹ́.

Àìkú, 26

Ìríra tó ju ìríra lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́.

Nígbà ìjẹ́rìí, Màámi dìde. Mo ní kò burú, á ní Ọlọ́run ṣe é, á sì jókòó. Màámi gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní òun ní ọmọ kan, ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà — iṣẹ́, ó pè é ní iṣẹ́ lójú gbogbo ìjọ — ó ní kọ̀ǹpútà náà ń kú lójoojúmọ́, ó ń han, ọmọ òun ń sunkún, kò jẹun. Ó ní òun mú òróró, òun ń rò ó sínú rẹ̀ láràárọ̀. Ó ní lánàá, kọ̀ǹpútà jí. Ó ní wọ́n ti gba ọmọ òun.

Ìjọ pariwo. Agogo ń ró. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ti ń wo dùùrù rẹ̀ pẹ̀lú ojú ìfẹ́. Arábìnrin kan ti mú fóònù jáde nínú àpò.

Ni Wòólíì bá yíjú sí mi. Ó ní, "Oyinadé, dìde. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Mo dìde. Gbogbo ojú. Mo rí aáyán yẹn, mo rí omi dúdú, mo rí Kàsúmù níwájú mi tó ń fọ̀, tó ń fọ̀. Òótọ́ wà lẹ́nu mi, ó ń yún mi. Mo wo Màámi. Ó nà rọ́rọ́ lórí orúnkún burúkú yẹn, ó ń wò mí pẹ̀lú ìgbéraga, ojú tí kò fi wò mí rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọ̀rọ̀ yẹn korò lẹ́nu mi. Ìjọ tún pariwo. Wòólíì fún Màámi ní ìgò tuntun, èyí tó tóbi, ó ní kó máa bá a lọ bó ṣe ń ṣe é. Nígbà tá a jáde, mo rọra fa onídùúrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní bó bá dán an wò, màá ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́. Ó rò pé mò ń ṣàwàdà.

Ọjọ́ Ajé, 27

Mi ò ti ilẹ̀kùn. Mo rò ó títí, mi ò tì í. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, mo ń retí rẹ̀.

Ó wá. Ìgò ńlá wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti ṣí ìdérí rẹ̀. Ó ní kí n kúrò lọ́nà. Mi ò kúrò. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, jẹ́jẹ́.

Mo ní, "Màámi, orí mi ni kẹ́ ẹ fi sí. Orí mi ló ń ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe ẹ̀rọ."

Ó dúró. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo orí mi, bó ṣe máa ń wo aṣọ kó tó gé e. Mo rò pé á kọ̀. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Ó dà á. Kì í ṣe pé ó rò ó o, ó dà á. Òróró gba àárín irun mi kọjá, ó gba ẹ̀yìn etí, ó wọ inú aṣọ mi lẹ́yìn, ó ń yọ̀, ó gbóná, lọ́fínńdà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ́kàn. Ó rí mi lára, Ọlọ́run mi, ó rí mi lára. Ọwọ́ rẹ̀ wà láàárín orí mi, ó ń pe orúkọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo orúkọ mi, àwọn tí mo ti gbàgbé pé mo ń jẹ́.

Mi ò nù ún.